Ojú Rí, Ọkàn Dájọ́: Àyẹ̀wò Ìwé Al-Munqidh min al-Dalal ti Ìmáàmù Ghazali

Ìtàn kan wà nínú Súrà Naml tí ọmọ ilé-kéwú kì í gbàgbé. Ọbabìnrin ilẹ̀ Sábà, ẹni tí àwọn onítumọ̀ Àlùkùránì ń pè ní Bilikísù, wá sí ààfin Ànábì Sulaimọ́nù. Wọ́n ní kí ó wọlé. Ó wo ilẹ̀, ó rí omi, ó sì ká aṣọ rẹ̀ sókè kí ó má baà tutù. Wọ́n wá sọ fún un pé dígí ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ààfin náà. Yorùbá ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ojú obìnrin yìí kò fọ́ o. Ohun tí ń dán ni ojú rẹ̀ rí, òótọ́ sì ni pé nǹkan náà ń dán. Ọkàn rẹ̀ ni ó sọ pé ohun tí ó bá ń dán báyìí nílẹ̀, omi ni. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ilẹ̀, ọkàn ti dájọ́, ọwọ́ sì ti gbé aṣọ.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ni ìwé tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí dá lé lórí. Orúkọ rẹ̀ ní èdè Lárúbáwá ni Al-Munqidh min al-Dalal, èyí tí a lè túmọ̀ sí «Ohun tí ń gbani lọ́wọ́ ìṣìnà». Ìmáàmù Ghazali ni ó kọ ọ́. Ìwé kékeré ni, ẹni tí ó bá jókòó tì í lè kà á tán ní ọjọ́ méjì. Àwọn ọ̀dọ́ wa mọ orúkọ Ghazali nítorí Ihya, ìwé ńlá rẹ̀ tí àwọn àáfà máa ń mẹ́nu bà nínú wàásù, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ka ti kékeré yìí kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ohun méjì ni a sì máa ń gbọ́ nípa rẹ̀. Àwọn kan ní Ghazali ti fi hàn pé làákàyè kò wúlò, nítorí náà kí a pa ìwé àwọn onísáyẹ́ǹsì dé. Àwọn mìíràn ní ó ti fi hàn pé ohunkóhun tí ọkàn ẹni bá ti sọ, ìmọ́lẹ̀ Ọlọ́hun ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bèèrè ẹ̀rí. Èrò tiwa ni pé àwọn méjèèjì kò ka ìwé náà dé ìdí. Ohun tí ó kọ́ wa ni pé ohun tí ojú rí yàtọ̀ sí ẹjọ́ tí ọkàn dá lé e lórí, àti pé ìgbàgbọ́ tí ó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó sábà máa ń dá ẹjọ́ náà kí a tó fura. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí lè fi ojú tó dá ṣáká ṣe aburú fún ọmọnìkejì rẹ̀.

Ta ni ó kọ ọ́?

A bí Abu Hamid al-Ghazali ní ìlú Tus, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Ìránì lónìí, ní ọdún 1058. Ìlú kan náà ni ó kú sí ní 1111. Ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ al-Juwayni, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá onímímọ̀ ìgbà náà, ní Nishapur. Ní 1091, Nizam al-Mulk, ẹni tí ó jẹ́ wàsírì fún àwọn ọba Seljuk, fi í ṣe olùkọ́ àgbà ní ilé-ẹ̀kọ́ Nizamiyya ní Bàgídáàdì. Kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún nígbà náà, bẹ́ẹ̀ sì ni òun fúnra rẹ̀ sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ 300 ni òun ń kọ́.

Ní 1095, ahọ́n rẹ̀ kọ̀ láti sọ̀rọ̀. Ó ń tiraka kí ó lè kọ́ni fún ọjọ́ kan péré kí inú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè dùn, ọ̀rọ̀ kankan kò jáde. Oúnjẹ kò lọ lọ́fun mọ́. Àwọn oníṣègùn ní ọ̀rọ̀ náà ti ọkàn wá, pé oògùn àwọn kò lè ká a. Ó fi iṣẹ́ ńlá yẹn sílẹ̀, ó pín ọrọ̀ rẹ̀, ó ku èyí tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò máa jẹ, ó sì kọrí sí Dàmásíkù, ó dé Jẹrúsálẹ́mù, ó sì lọ sí Mẹ́kà àti Mẹdínà. Ó di 1106 kí ó tó padà sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní gbangba, ní Nishapur. Lẹ́yìn èyí ni ó kọ ìwé yìí, nígbà tí ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún.

Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ni ó máa ń pa àìsàn méjì pọ̀ nínú ìwé náà. Àìsàn ti 1095 jẹ́ ti ìwà: ó ti mọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe, ọkàn rẹ̀ kò jẹ́ kí ó ṣe é, nítorí ó rí i pé òkìkí ni òun ń wá nínú ẹ̀kọ́ tí òun ń kọ́ni. Àìsàn kejì ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú èyí, kò sì tó oṣù méjì gan-an. Ìyẹn jẹ́ ti ìmọ̀: kí ni mo mọ̀ tí ó dá mi lójú? Èyí ni àyẹ̀wò wa yóò dúró lé lórí.

Òjìji, ìràwọ̀ àti àlá

Ohun tí ó kọ́kọ́ ta Ghazali jí kò ju ohun tí ọmọdé lè rí lọ. Ó rí i pé àwọn ọmọ Nàsárà ń dàgbà di Nàsárà, àwọn ọmọ Yẹhúdì ń dàgbà di Yẹhúdì, àwọn ọmọ Mùsùlùmí sì ń dàgbà di Mùsùlùmí. Bí ó bá jẹ́ pé ilé tí a bí mi sí ni ó fún mi ní ojú tí mo fi ń wo ayé, báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ojú náà ń rí òótọ́? Ìbéèrè yìí wúwo lẹ́nu ẹni tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìmáàmù. Kò fi í pamọ́, ojú ìwé àkọ́kọ́ ni ó gbé e sí.

Ó wá wá òṣùwọ̀n kan. Ó ní ìmọ̀ tí òun lè pè ní àmọ̀dájú gbọ́dọ̀ dà bí ìmọ̀ pé mẹ́wàá ju mẹ́ta lọ. Bí ẹnì kan bá dé tí ó ní rárá, mẹ́ta ni ó pọ̀ jù, tí ó sì ní ẹ̀rí òun ni pé òun yóò sọ ọ̀pá di ejò, tí ó sì sọ ọ́ di ejò lójú òun, òun kò ní tìtorí ìyẹn ṣiyèméjì nípa mẹ́wàá àti mẹ́ta. Ohun tí yóò kan ya òun lẹ́nu ni bí ọkùnrin náà ti ṣe é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀pá yìí sọ́kàn, a óò tún pàdé rẹ̀.

Òṣùwọ̀n yìí ni ó mú lọ bá ojú. Ó wo òjìji tí ó wà nílẹ̀, ojú ní kò rìn. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó rí i pé ó ti kúrò níbi tí ó wà, àti pé kò fi ìgbà kankan dúró: díẹ̀díẹ̀ ni ó ń lọ, ojú kò kàn lè rí i bí ó ti ń lọ ni. Ó wo ìràwọ̀, ojú ní kò tóbi ju owó dìnárì kan lọ. Ìṣirò sì fi hàn pé ó tóbi ju ilẹ̀ ayé wa lọ. Nínú ẹjọ́ méjèèjì, ojú sọ̀rọ̀, làákàyè sì já a nírọ́.

Níbí ni ọnà tí Ghazali fi kọ ìwé rẹ̀ ti hàn jù lọ. Dípò kí ó jókòó máa to àlàyé, ó gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ bí ìgbẹ́jọ́. Ojú àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dìde bí ẹni tí a dá lẹ́bi, wọ́n sì bá a wí. Wọ́n ní òun gba àwọn gbọ́ tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí làákàyè dé tí ó pe àwọn ní òpùrọ́. Ó ha dá a lójú pé adájọ́ mìíràn kò sí lẹ́yìn làákàyè, tí yóò pe làákàyè náà ní òpùrọ́ bí ó bá yọjú? Wọ́n tún fi àlá tì í lẹ́yìn: nínú oorun, ènìyàn gbà pé ohun tí òun ń rí fẹsẹ̀ múlẹ̀, kò ṣiyèméjì rárá, ó di ìgbà tí ó bá jí kí ó tó mọ̀ pé òfìfo ni. Ghazali kò rí èsì fọ̀. Òǹkàwé tí ó bá ka ibẹ̀ dáadáa yóò mọ̀ pé ẹni tí ó kọ ọ́ ti wà nínú ọ̀fìn náà rí.

A kò gbọdọ̀ rò pé òun ni ó kọ́kọ́ ronú báyìí láàrin àwọn Mùsùlùmí. Ṣáájú kí a tó bí i ni Ibn al-Haytham, ọmọ ìlú Basra tí ó ṣiṣẹ́ ní ìlú Kairo, ti kọ Kitab al-Manazir, ìwé rẹ̀ lórí ìríran. Ó fi hàn níbẹ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ni ó ń ti ara nǹkan wọ inú ojú wa, ojú wa kọ́ ni ó ń rán ìtànṣán jáde. Ó fi kún un pé ìríran kò parí sí ojú: ọkàn ń fi ohun tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ wé ohun tí ó dé, ó sì ń dájọ́ kíákíá tó bẹ́ẹ̀ tí a kò ní mọ̀ pé ẹjọ́ ni a dá. Ìdí nìyí tí òṣùpá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ létí ayé fi dà bí èyí tí ó tóbi ju ti àárín ọ̀run lọ, nígbà tí òṣùpá kan náà ni. Ohun tí Ibn al-Haytham fi ìṣirò àti ìdánwò ṣàlàyé nípa ojú ni Ghazali gbé wọ inú ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ àti ìwà.

Ìmọ́lẹ̀ tí ó wọ àyà rẹ̀

Báwo ni Ghazali ṣe yọ? Ó sọ pé àlàyé kọ́ ni ó yọ òun. Ìmọ́lẹ̀ kan ni Ọlọ́hun jù sí òun láyà, ọkàn òun sì balẹ̀. Gbólóhùn yìí ni àwọn tí ó kórìíra làákàyè dì mú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe fún un. Ó ní nígbà tí ìmọ́lẹ̀ dé, òun tún padà gba àwọn òtítọ́ àkọ́kọ́ ti làákàyè gbọ́, irú bíi mẹ́wàá àti mẹ́ta. Ìmọ́lẹ̀ yìí dá làákàyè padà sórí àga rẹ̀ ni, kò lé e dànù.

Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn èyí tún jẹ́rìí sí i. Ó jókòó ti ìwé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀, láìní olùkọ́, ní àkókò tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, fún bí ọdún méjì, ó sì fi bí ọdún kan sí i rò wọ́n sókè rò wọ́n sílẹ̀. Ó ní ẹni tí kò bá mọ ẹ̀kọ́ kan dé ibi tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ mọ̀ ọ́n dé, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ẹ̀kọ́ náà kò dára. Nígbà tí ó fẹ́ dá àwọn Bátìníyyà lóhùn, ó to ẹjọ́ wọn lẹ́sẹẹsẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnì kan láàrin àwọn tirẹ̀ fi bínú pé ó ti bá ọ̀tá ro ẹjọ́ wọn dáadáa jù. Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Ghazali kò fẹ́ jẹ́ irú àgbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ rántí ọ̀pá tí ó di ejò. Nígbà tí ó dé orí ọ̀rọ̀ bí a ti ṣe lè mọ Ànábì òdodo, ó padà sí i. Ó ní kí a má wá ìdánilójú nínú ọ̀pá tí ó di ejò nìkan, nítorí ẹni tí ìyẹn nìkan jẹ́ ẹ̀rí rẹ̀ lè rò lọ́la pé idán ni. Bí a ti ṣe ń mọ oníṣègùn ni kí a fi mọ̀ ọ́n: kọ́ díẹ̀ nínú ìmọ̀ ìṣègùn, wo iṣẹ́ ọkùnrin náà, fi ìmọ̀ràn rẹ̀ ṣèwà hù, kí o sì wo ohun tí yóò bí. Ẹni tí ó kọ irú èyí kò sọ fún wa pé kí a gba gbogbo ohun tí ó bá yà wá lẹ́nu gbọ́.

Oyin inú ìwo

Lójú tiwa, àpẹẹrẹ tí ó dára jù nínú gbogbo ìwé náà ni ti oyin. Ẹ mọ ìwo tí àwọn onígbàjámọ̀ fi ń fa ẹ̀jẹ̀ lára ènìyàn. Ní ìlú Ghazali, ìgò ni wọ́n ń lò. Ó ní bí a bá bu oyin sínú ohun èlò bẹ́ẹ̀, ara ènìyàn yóò kọ̀ ọ́, kò ní lè tọ́ ọ wò. Oyin náà kò yí padà, adùn rẹ̀ kò dín. Ẹ̀jẹ̀ tí ènìyàn mọ̀ mọ́ ìgò yìí ni ó ń rí nínú oyin. Ó sì fi àpẹẹrẹ náà bá àwa ẹlẹ́sìn wí: bí ọ̀rọ̀ òtítọ́ bá jáde lẹ́nu ẹni tí a kò fẹ́ràn, a óò pè é ní irọ́, bí irọ́ bá sì jáde lẹ́nu ẹni tí a fẹ́ràn, a óò gbé e mì. Ghazali ní ọlọ́gbọ́n kì í fi ènìyàn wọn òtítọ́, òtítọ́ ni ó fi ń wọn ènìyàn.

Ẹ wo bí àpẹẹrẹ yìí ti bá wa mu tó. Bí oníwàásù ẹgbẹ́ kejì bá sọ̀rọ̀ ní mọ́ṣáláṣí, ẹlòmíràn ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò dára kí ọkùnrin náà tó la ẹnu. Bí ìyàwó ilé bá fún ìyakọ rẹ̀ ní ìmọ̀ràn, ìmọ̀ràn náà di ìgbéraga. Ìgò ni a ń wò, a kò tọ́ oyin wò.

Ọjọ́ tí òṣùpá ṣókùnkùn

Ghazali sọ̀rọ̀ nípa ewu méjì tí ó wà nínú ìmọ̀ ìṣirò. Ewu kìíní ni ti ẹni tí ó rí bí ìṣirò àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti péye tó, tí ó wá gbà pé gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ nípa Ọlọ́hun náà péye. Ewu kejì wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó pe ara rẹ̀ ní ọ̀rẹ́ Ìsìláàmù, ṣùgbọ́n tí kò ní ìmọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ rò pé òun ń gbèjà ẹ̀sìn bí òun bá sẹ́ gbogbo ìmọ̀ wọn, títí kan àlàyé wọn lórí bí oòrùn àti òṣùpá ti ń ṣókùnkùn. Ghazali ní ẹni tí ó ti mọ ẹ̀rí ìṣirò náà kò ní ṣiyèméjì nípa ẹ̀rí. Ẹ̀sìn ni yóò ṣiyèméjì nípa rẹ̀. Ó wá tọ́ka sí ọ̀rọ̀ Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a).

Gbogbo wa mọ ìtàn náà. Ní ọdún 10 Hijra, Ibrahim ọmọ Ànábì kú, oòrùn sì ṣókùnkùn lọ́jọ́ náà. Àwọn ènìyàn so méjèèjì pọ̀, wọ́n ní nítorí ikú ọmọ náà ni. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, yóò dákẹ́ kí wọ́n máa gbé òun ga. Ànábì dìde, ó sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé oòrùn àti òṣùpá kì í tìtorí ikú tàbí ìbí ẹnikẹ́ni ṣókùnkùn. Ó kírun, ó ní kí àwọn ènìyàn máa kírun kí wọ́n sì máa ṣe àdúrà bí wọ́n bá rí irú rẹ̀. Ó gba ohun tí ojú wọn rí. Ẹjọ́ tí ọkàn wọn dá ni ó tú ká.

Ní oṣù kìíní ọdún 2001, òjìji ilẹ̀ ayé bo òṣùpá, a sì rí i ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní Maiduguri, àwọn ọ̀dọ́ kan tú síta lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ọ̀mùtí àti àwọn aṣẹ́wó ni ó fà á, wọ́n sì ń dáná sun ilé ọtí àti òtẹ́ẹ̀lì. Ojú wọn kò tàn wọ́n jẹ: òṣùpá ṣókùnkùn lóòótọ́. Ọjọ́ àti wákàtí tí yóò ṣẹlẹ̀ ti wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ sánmà tipẹ́tipẹ́ ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó mu ọtí ọjọ́ yẹn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Mẹdínà ní nǹkan bí 1,400 ọdún sẹ́yìn ni ó tún ṣẹlẹ̀, àwọn tí ó sì ń pe ara wọn ní ọmọlẹ́yìn Ànábì ni ó gbàgbé èsì tí Ànábì fọ̀.

Àjẹ́ ké lánàá

Kí ó má baà dà bí ẹni pé Maiduguri nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà, ẹ jẹ́ kí a gbé òṣùwọ̀n Ghazali wọ inú ilé Yorùbá. Òwe kan wà tí gbogbo wa ń pa: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ náà jẹ? Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bí adájọ́. Kí ni etí gbọ́? Ohùn kan lóru. Kí ni ojú rí? Òkú ọmọ láàárọ̀. Ohun tí ó so méjèèjì pọ̀, etí kò gbọ́ ọ, ojú kò rí i. Ìgbàgbọ́ ni ó pèsè okùn náà. Bí ẹyẹ òru bá sì ké ní igba òru tí ọmọ kankan kò kú, ta ni ó ka ìyẹn?

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní Àlùkùránì fi yé wa pé sìhírì wà, báwo ni ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ báyìí? A kò jiyàn. Ṣùgbọ́n pé olè wà láyé kò sọ pé aládùúgbò rẹ ni ó jí ewúrẹ́ rẹ gbé. Sàríà tí ó sọ fún wa pé olè wà náà ni ó sọ pé kí a mú ẹlẹ́rìí wá. Ìyá àgbà tí a lé jáde nílé nítorí ọmọ-ọmọ rẹ̀ lá a lálàá, ẹlẹ́rìí wo ni ó dúró lórí ẹjọ́ rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ àbíkú tún jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ìyá bí ọmọ, ọmọ náà ṣàìsàn títí, ó kú. Ó tún bí òmíràn, ìyẹn náà ṣàìsàn bákan náà, ó tẹ̀lé ti ìṣáájú. Ẹni tí ó ti gbà pé ọmọ kan náà ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀ yóò rí ọmọ kan náà lóòótọ́. Wọ́n á fi abẹ sàmì sí òkú ti ìṣáájú, wọ́n á sì máa wá àmì náà lára èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ẹni tí ó bá ń wá àmì lára ọmọ tuntun kò lè ṣaláìrí ọ̀kan. Ìyà náà kì í ṣe àfọwọ́fà, omijé ìyá náà kì í ṣe irọ́. Orúkọ tí a fún un, irú bíi Málọmọ́ àti Dúrójayé, ẹ̀bẹ̀ ni.

Ní 1910, oníṣègùn kan ní Chicago, James Herrick, ṣe àkọsílẹ̀ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan tí èso inú rẹ̀ tẹ̀ bí dòjé. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú èròjà tí ó pọ́n ẹ̀jẹ̀ ni àléébù náà wà. Àrùn tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde nìyí. Bí ọkọ àti ìyàwó bá jẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní wà nínú ewu ìdá kan nínú mẹ́rin pé ọmọ náà yóò jẹ́ SS. Gbogbo ọmọ tí a pè ní àbíkú kọ́ ni àrùn yìí pa; ibà àti ẹ̀yi náà pa púpọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé kan tí àìsàn kan náà ń padà wá léraléra, a ti wá mọ ohun tí ń padà wá. Ọmọ kan náà kọ́, ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ìyá ni. Fún ọdún gbọọrọ, ojú àwọn òbí rí gbogbo àmì rẹ̀: ìka ọwọ́ tí ó wú, ojú tí ó pọ́n bí àtàrí ọsàn, ìrora egungun nígbà òtútù. Wọ́n rí i, ẹjọ́ tí ó wà nílẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n rí.

Ẹnì kan lè wá bi wá pé àwa tí a gba oníṣègùn gbọ́, àwa náà ti wo inú ẹ̀jẹ̀ rí ni? Ìbéèrè gidi ni, Ghazali ni yóò sì dáhùn rẹ̀. Ọ̀nà oníṣègùn ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọ, a sì lè fi ohun tí ó bí wò ó. Síbẹ̀, ewu kìíní tí ó kìlọ̀ fún wa ṣì wà: ẹni tí ó ní ìwé àyẹ̀wò lọ́wọ́ náà lè ṣìnà. Ìdí nìyí tí a fi ń gba àwọn ọ̀dọ́ níyànjú pé kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù kí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó wọ̀ wọ́n lára, kí wọ́n ṣe é ní ibi méjì tí ó ṣeé fọkàn tán, kí wọ́n má sì dúró di ọ̀sẹ̀ yìgì.

Ibi tí ìwé náà kù sí

A kò ní ṣe ẹ̀tọ́ fún ìwé yìí bí a bá yìn ín nìkan. Ohun kìíní ni pé Ghazali kò sọ fún wa bí a ó ṣe mọ ìmọ́lẹ̀ Ọlọ́hun yàtọ̀ sí èrò ọkàn tiwa. Ẹni tí ó jó ilé ọtí náà lè sọ pé ìmọ́lẹ̀ ni ó wọ òun láyà. Òṣùwọ̀n ìwà wà nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí ibi tí a ti sọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀, òǹkàwé tí ó bá ń kánjú yóò fò ó.

Ohun kejì ni pé ó fẹ́ kí a ká àwọn ènìyàn lásán lọ́wọ́ kò nínú ìwé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀. Ó ní pidánpidán tí ń fi ejò ṣeré kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ejò lójú ọmọ rẹ̀, kí ọmọ má baà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní onípàṣípààrọ̀ owó tí ojú rẹ̀ dá lè ki ọwọ́ bọ àpò ayédèrú, kí ó mú owó gidi jáde, ṣùgbọ́n ará oko kò lè ṣe é. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, àpò ayédèrú náà wà nínú tẹlifóònù ọwọ́ ọmọ ọdún méjìlá. A kò lè ká a lọ́wọ́ kò mọ́. Ohun tí ó kù ni kí a kọ́ ọ bí a ti ń mọ owó.

Ohun kẹta ni pé ó le mọ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ gan-an, ó pe àwọn kan nínú wọn ní kèfèrí. Ibn Rushd, adájọ́ àti oníṣègùn ọmọ Andalus tí ó kú ní 1198, kọ ìwé láti fi dá ìwé mìíràn tí Ghazali kọ ta kò wọ́n lóhùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ka Ghazali bí Ghazali ti kàwé, kí ó ka ti Ibn Rushd náà.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, a kò mọ ìwé púpọ̀ tí ènìyàn ńlá ti tú ara rẹ̀ palẹ̀ báyìí. W. Montgomery Watt tú u sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1953, àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì gbọ́ Lárúbáwá dáadáa lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ lè kà á pẹ̀lú àwọn ọmọ yín tí ó ti tó kàwé mẹ́wàá. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan bá sì gba ilé kan, yálà àlá ni tàbí ìròyìn tí ẹnì kan gbé wá láti ọjà, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó kéré jù nínú ilé bi yín ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí ni ẹ rí gan-an? Kí ni ẹ fi kún un? Ta ni ó kọ́ yín ní èyí tí ẹ fi kún un? Ẹ dá a lóhùn kí ẹ tó gbé ìgbésẹ̀ kankan sí ẹnikẹ́ni. Kí Ọlọ́hun fún wa ní ojú tí ń ríran àti ọkàn tí kì í kánjú dájọ́. Àmín.